Ẹ bá mi wo káàdì bésíbọ́ọ̀lù wọ̀nyí: ojúlówó ni àbí àtúntẹ̀?

ÌyáTèmi (Baltimore)

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo ra tábìlì ìkàwé kan níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù ilé bàbá kan tó dolóògbé, ní òpópónà kejì sí tiwa. Nígbà tí a gbé e délé, tí Tèmi ọmọ mi fa dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ jáde, a bá àpótí sìgá kan níbẹ̀, káàdì bésíbọ́ọ̀lù ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Mo pe àwọn ọmọ bàbá náà kí n tó ṣe ohunkóhun, torí ọkàn mi ò balẹ̀. Wọ́n ní ohun tó bá wà nínú tábìlì, ti ẹni tó rà á ni, pé bàbá àwọn ti ta àwọn tó níye lórí tipẹ́tipẹ́.

Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ti ọdún 1980 sókè, ìyẹn ò dà mí láàmú. Mẹ́rin ló ń dà mí láàmú. Ọ̀kan ni Babe Ruth, gbajúgbajà agbábésíbọ́ọ̀lù ayé àtijọ́, ẹ̀yìn àwòrán rẹ̀ níwájú yẹ́lò, nọ́ńbà 53, tí wọ́n kọ Big League Chewing Gum sí. Ọ̀kan ni Jackie Robinson ti ilé iṣẹ́ Topps, ọdún 1952, nọ́ńbà 312. Méjì tó kù kéré gan-an, wọn ò ju ìka méjì lọ ní ìbú, ìpolówó sìgá Piedmont ló wà lẹ́yìn wọn. Wọ́n kọ Schulte sí ọ̀kan, wọ́n kọ Bridwell sí èkejì. Mi ò mọ àwọn méjèèjì rí.

Tèmi ń gbá bésíbọ́ọ̀lù nílé ìwé wọn. Láti ìgbà tó ti rí orúkọ Ruth, tó sì rántí pé ìlú wa níbí ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1895, kò tíì sùn dáadáa. Iye tí wọ́n ń tà á ló ń wò lórí fóònù ṣáá. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lèèyàn ṣe ń mọ ojúlówó? Gbogbo wọn ló ti gbó, igun wọn ti rún. Ṣé gbígbó yẹn ti tó ẹ̀rí?

BàbáOlùkójọ (Chicago)

Àǹtí, ẹ kú oríire o. Ohun àkọ́kọ́: ẹ má fi ohunkóhun nù wọ́n, ẹ má lẹ tépù mọ́ wọn, ẹ má sì jẹ́ kí Tèmi máa fi wọ́n han àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ lásán. Ẹ ra àpò ike wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń kó káàdì sí, dọ́là díẹ̀ ni, kẹ́ ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú tirẹ̀.

Gbígbó kì í ṣe ẹ̀rí rárá. Ohun tí àwọn oníjìbìtì kọ́kọ́ ń ṣe nìyẹn. Wọ́n á rẹ káàdì tuntun sínú omi tíì, wọ́n á yan án nínú ààrò, wọ́n á fi igun rẹ̀ ha ilẹ̀. Mo ti ń kó káàdì jọ láti ọdún 1987, àwọn tó gbó jù lọ tí wọ́n ti gbé wá bá mi, àtúntẹ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn.

Ẹ mú rúlà. Káàdì Topps ti 1952 tóbi ju èyí tí àwọn ọmọdé ń rà lónìí lọ: ínǹṣì 2⅝ ní ìbú, 3¾ ní gígùn. Ọdún 1957 ni Topps dín in kù sí 2½ sí 3½, ibẹ̀ náà ló sì wà títí dòní. Ní 1983, Topps fúnra wọn tún àwọn káàdì 1952 tẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ wọ́n ní ìwọ̀n kékeré yẹn. Wọn ò fi tan ẹnikẹ́ni jẹ, wọ́n kọ Reprint Series sẹ́yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fún ti 1953 lọ́dún 1991, àti ti 1954 lọ́dún 1994. Torí náà, ẹ wọn Robinson yín. Tó bá jẹ́ 2½ sí 3½, ẹ ti rí ìdáhùn.

Ruth nọ́ńbà 53, iṣẹ́ ilé iṣẹ́ Goudey ti Boston ni, ọdún 1933. Ínǹṣì 2⅜ sí 2⅞. Àwọn kékeré méjèèjì, àwa olùkójọ ń pè wọ́n ní T206. Àárín 1909 sí 1911 ni wọ́n ń fi wọ́n sínú páálí sìgá, 1 7/16 sí 2⅝. Ti àwọn kékeré yẹn, ẹ má ka ìyàtọ̀ bíńtín sí, torí ẹ̀rọ tó gé wọn nígbà yẹn kò gún régé bíi ti òde òní.

Kí n tètè sọ èyí kó tó di àríyànjiyàn: àtúntẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó bá pè é ní ojúlówó ló sọ ọ́ di ayédèrú.

Atẹ̀wéṢómólú (Houston)

Ẹ̀gbọ́n ti Chicago ti sọ ti rúlà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti tádàwà, torí iṣẹ́ tí mo kọ́ nìyẹn. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi wà nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú kí n tó kọjá síbí. Kàlẹ́ńdà, ìwé ìpè ìgbéyàwó, páálí oògùn, kò sí èyí tí n kò tẹ̀.

Àwòrán aláwọ̀ mèremère tí ẹ ń rí lára kàlẹ́ńdà, kì í ṣe pé a da àwọ̀ sórí bébà bí ẹni kun ògiri. Àmì tíntìntín ni gbogbo rẹ̀. Pléètì mẹ́rin ni, búlúù, pupa, yẹ́lò àti dúdú, kálukú tẹ àmì tirẹ̀, ojú ẹni tó ń wò ó ló pa wọ́n pọ̀ tí wọ́n fi di ojú èèyàn tàbí aṣọ òkè. Ṣùgbọ́n lẹ́tà ní tirẹ̀, a kì í fi àmì tò ó. Tádàwà kan ṣoṣo ni, a tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dì, etí rẹ̀ sì mọ́.

Níbo wá ni àṣírí wà? Ẹni tó fẹ́ tún káàdì àtijọ́ tẹ̀ kò ní pléètì àkọ́kọ́ lọ́wọ́. Fọ́tò káàdì ló máa yà, tàbí kó fi ẹ̀rọ gba àwòrán rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Kámẹ́rà ò mọ lẹ́tà yàtọ̀ sí ojú èèyàn. Gbogbo rẹ̀ ló máa sọ di àmì: orúkọ, ìlà tó yí àwòrán ká, títí kan nọ́ńbà ẹ̀yìn. Tẹ́ ẹ bá wo orúkọ tó yẹ kó jẹ́ dúdú, ẹ ó rí i pé ó fọ́ sí wẹ́wẹ́, búlúù níhìn-ín, pupa lọ́hùn-ún, etí rẹ̀ sì rí ṣákaṣàka.

Ẹ ra awò kékeré tí àwọn tó ń tún aago ṣe máa ń fi sójú, èyí tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́wàá. Kò tó dọ́là mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lọ́sàn-án, ẹ gbé awò náà lé orúkọ, ẹ má gbé e lé ojú Ruth. Àwòrán ojúlówó náà ní àmì, òun ni ọ̀pọ̀ ń rí tí wọ́n á fi pariwo pé ayédèrú ni. Ibi tí àmì wà ló ṣe pàtàkì.

Lára T206, orúkọ àti ẹgbẹ́ tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀, ó dì gbagidi, kò ní àmì kankan nínú. Orí òkúta ni wọ́n ti ya àwọn iṣẹ́ yẹn, àwọ̀ tí wọ́n sì lò ju mẹ́rin lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ipò tirẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkùnrin inú rẹ̀, ẹ ó rí àwọ̀ tó jókòó lórí àwọ̀. Ìgbà míì wà tí wọn ò ṣe déédéé, tí pupa ètè á yọ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Èmi tí mo ti ṣe iṣẹ́ yìí, inú mi máa ń dùn tí mo bá rí i. Ẹnì kan ló dúró nídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ yẹn tí bébà yẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí a ń lò nílé fún kọ̀ǹpútà tún ní tirẹ̀. Tádàwà olómi máa ń wọ bébà bí epo ṣe ń wọ aṣọ, èyí tó ń lo lẹ́búlẹ́bú sì máa ń tú ká sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà bí eruku. Ẹ̀yin náà á rí i.

Bùnmi_Peckham (London)

Mo fẹ́ fi kan kún un. Ní káńtà ibi iṣẹ́ wa a ní iná aláwọ̀ àlùkò tí a fi ń yẹ owó wò. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń kó sítáǹbù àti káàdì sìgá ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ, iná yìí náà ló ń lò. Láti nǹkan bí ọdún 1950 ni wọ́n ti ń fi èròjà tó ń mú bébà funfun báláú sínú bébà. Nínú òkùnkùn, lábẹ́ iná yẹn, páálí òde òní á tàn yòò bíi ṣẹ́ẹ̀tì funfun nílé ijó. Páálí 1910 tàbí 1933 á ṣókùnkùn, á dà bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀.

BàbáOlùkójọ (Chicago)

@Bùnmi_Peckham ẹ ṣeun, òótọ́ lẹ sọ. Ẹ jẹ́ kí n fi ààlà sí i: fún Ruth àti àwọn T206, iná yẹn dára púpọ̀. Fún káàdì 1952 kì í ṣe ohun tí mo lè gbọ́kàn lé, torí ó ti sún mọ́ ìgbà tí èròjà náà wọlé. Páálí tí kò tàn kò sì sọ pé káàdì jẹ́ ojúlówó, àwọn kan wà tó ń ya ojú ewé òfìfo nínú ìwé àtijọ́ láti fi tẹ ayédèrú. Èyí tó bá tàn yòò tí wọ́n ní ti 1909 ni, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀.

Adùkẹ́_Bronx (New York)

Mo ń ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ, omi ń bọ́ lójú mi. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, mo fẹ́ fún ọkọ mi lẹ́bùn àádọ́ta ọdún. Ó fẹ́ràn Lou Gehrig, agbábésíbọ́ọ̀lù ayé àtijọ́, gan-an. Mo rí Gehrig ti Goudey lọ́wọ́ ọkùnrin kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó kọ ọ́ pé inú àjà ilé bàbá ìyá òun lòun ti rí i, pé òun ò mọ nǹkan kan nípa káàdì, pé ẹ wo àwòrán kẹ́ ẹ pinnu fúnra yín. Irínwó dọ́là ni mo san.

Ọkọ mi ò sọ̀rọ̀. Ó gbé e sókè sí gílóòbù, ó ní kí n wá wò ó. Nísàlẹ̀ ẹ̀yìn káàdì, ibì kan wà tó fẹ̀ tó èékánná ọwọ́, ìmọ́lẹ̀ ń gbabẹ̀ kọjá ju ibi yòókù lọ. Wọ́n ti fi abẹ ha ibẹ̀. Nígbà tí mo fi ìka kàn án, ó ń ha ni lọ́wọ́ bí bébà tí wọ́n fi ń ha igi. A wá ra àtúntẹ̀ kan náà ní dọ́là mẹ́ta, ibẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n kọ REPRINT sí lára rẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi ti pa ojú ewé rẹ̀ rẹ́ nígbà yẹn.

Ohun tí mo kọ́ nínú rẹ̀ ni pé kí n ka ọ̀rọ̀ ẹni tó ń tajà kí n tó wo ọjà. Ẹni tó ní òun ò mọ nǹkan kan ṣùgbọ́n tó mọ iye tó yẹ kó béèrè, ẹ sá fún un. Ẹni tó kọ RP sí ìparí àkọlé ti sọ fún yín pé àtúntẹ̀ ni, lẹ́tà méjì yẹn ni yóò fi gba ara rẹ̀ tí ẹjọ́ bá dé. Ẹni tí kò gba ọjà padà, tí àwòrán rẹ̀ sì ṣú, ẹ má bá a dúnàádúrà.

Ẹ jọ̀ọ́ Àǹtí, ẹ gbé Ruth yín sókè sí ìmọ́lẹ̀.

ỌmọÌbàdàn77

Ẹ má bínú sí mi o. Páálí sìgá lásán, kí ló dé tó fi gbówó lórí tó báyìí?

BàbáOlùkójọ (Chicago)

Ìbéèrè gidi ni, kò sí ìbínú. Nínú T206 yẹn kan náà, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Honus Wagner. Tirẹ̀ kò pẹ́ nínú ọjà kí wọ́n tó dá a dúró, èyí tí a sì mọ̀ pé ó ṣẹ́ kù kò ju bí ọgọ́ta lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, wọ́n ta ọ̀kan ní mílíọ̀nù dọ́là 7.25. Oṣù yẹn náà ni gbàǹjo gbé káàdì Mickey Mantle ti Topps 1952 dé mílíọ̀nù 12.6. Níbi tí irú owó bẹ́ẹ̀ bá wà, àwọn tó ń tẹ ayédèrú ò ní sùn.

Wagner wà lára àwọn tí wọ́n ń tún tẹ̀ jù. Wọ́n kọ Pittsburg sí i láìsí H ní ìparí, àwọn kan á sì ní àṣìṣe ayédèrú nìyẹn. Rárá, bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ìlú náà nígbà yẹn nìyẹn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò: ìpolówó sìgá Sweet Caporal tàbí Piedmont nìkan la ti rí lẹ́yìn Wagner. Ẹni tó bá mú Wagner tó ní ìpolówó tábà Polar Bear lẹ́yìn wá bá yín, ẹ kí i kẹ́ ẹ máa lọ.

Ẹ tún ṣọ́ra fún káàdì tí kò sí rí láyé. Èyí ń dùn mí torí àwọn ènìyàn wa dúdú ló ń ṣe jù. Wọn ò jẹ́ kí àwọn agbábọ́ọ̀lù dúdú wọ líìgì ńlá títí Jackie Robinson fi wọlé ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1947. Josh Gibson ti kú ní oṣù kìíní ọdún yẹn. Àwọn ilé iṣẹ́ ṣìngọ́ọ̀mù Amẹ́ríkà ò tẹ káàdì fún un nígbà ayé rẹ̀. Èyí tí àwọn olùkójọ ń wá kiri, Puerto Rico ló ti jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀. Oscar Charleston, káàdì sìgá Billiken ti Kúbà, 1923 sí 1924, la ti ń rí i. Lónìí ẹ ó rí Gibson aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ṣe bíi ti Goudey 1933, tó rẹwà lójú. Kò sí ojúlówó tí wọ́n wò ṣe é. Ẹ lọ wo orúkọ gbogbo àwọn tó wà nínú Goudey 1933, káàdì 240 ni, kò sí níbẹ̀.

ỌmọÌbàdàn77

Tó bá ti wà nínú ike líle tí wọ́n fún ní máàkì ńkọ́? Ṣé ìyẹn ti parí?

BàbáOlùkójọ (Chicago)

Ó ran ni lọ́wọ́, kò parí. Nínú àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yẹ káàdì wò tí wọ́n sì ń fún un ní máàkì, PSA, SGC àti Beckett ni àwọn èèyàn mọ̀ jù. Nọ́ńbà wà lórí ike, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìkànnì wọn, kẹ́ ẹ sì fi àwòrán ibẹ̀ wé káàdì tó wà lọ́wọ́ yín, àbàwọ́n pẹ̀lú àbàwọ́n, torí àwọn oníjìbìtì ń jí nọ́ńbà gidi kọ sórí ike tiwọn. Àwọn ilé iṣẹ́ náà sì lè ṣi í mú: Wagner tó jẹ́ káàdì àkọ́kọ́ tí PSA fún ní máàkì lọ́dún 1991, Bill Mastro tó ni ín nígbà kan jẹ́wọ́ nílé ẹjọ́ níbí ní 2013 pé òun ti gé etí rẹ̀ kó lè dà bí tuntun. Ojúlówó ni o, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi abẹ kàn án.

Atẹ̀wéṢómólú (Houston)

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀nà tó dá mi lójú jù lọ kún un: ẹ ra ojúlówó kan tí kò lówó lórí. T206 ẹni tí kò lókìkí, tó ti ṣẹ́ ní àárín, kò tó ọgọ́rùn-ún dọ́là. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ẹ̀ ń ṣiyèméjì lé. Ẹ wò ó pọ̀, ẹ wọn ọ́n lórí òṣùwọ̀n kékeré, ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀, ẹ fi ìka tẹ páálí rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní ẹnu iṣẹ́, bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi láti mọ bébà nìyẹn. Ó á di ojú mi, á fún mi ní ègé méjì, á ní kí n sọ iye gíráàmù wọn.

Ẹni tí kò lówó láti rà, Library of Congress, ilé ìkàwé ìjọba ní Washington, ti gbé àwọn káàdì àtijọ́ tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ti 1887 sí 1914, àwòrán wọn sì mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ lè fà á tóbi títí ẹ ó fi rí tádàwà.

ÌyáTèmi (Baltimore)

Ẹ kú àdúrótì mi. Ọjọ́ mẹ́rin ló gbà mí kí awò tó dé.

Robinson: 2½ sí 3½ gẹ́lẹ́. Mo yí i padà, Reprint Series wà níbẹ̀ kedere, mo ti ń wò ó láti ọjọ́ yìí n kò kà á.

Ruth: ìwọ̀n rẹ̀ pé! 2⅜ sí 2⅞. Tèmi fò sókè. Mo ní kó fara balẹ̀. A gbé awò lé lẹ́tà, Ọlọ́run mi, bí ẹni da ìyẹ̀fun aláwọ̀ mẹ́rin sílẹ̀ ló rí. Kò sí lẹ́tà kankan tó dì. A pa iná yàrá, a tan iná àlùkò, ó tàn yòò bí Bùnmi ṣe wí. Adùkẹ́, mo gbé e sókè sí gílóòbù. Ibẹ̀ wà níbẹ̀. Ó fẹ̀ tó èékánná, bí ẹ ṣe sọ ọ́.

Àwọn kékeré méjèèjì: wọn ò tàn rárá. Orúkọ wọn jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀, ó dì, kò sí àmì. Ti Schulte, pupa ètè rẹ̀ yọ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. A fi wọ́n wé ti Library of Congress, ó bára mu. Mo ti gbé àwòrán iwájú àti ẹ̀yìn síbí.

Atẹ̀wéṢómólú (Houston)

Mo ti fà wọ́n tóbi. Tádàwà lẹ́tà dì. Lójú tèmi, ojúlówó ni méjèèjì.

BàbáOlùkójọ (Chicago)

Lójú tèmi náà. Igun wọn yí roboto bó ṣe yẹ kí páálí àtijọ́ yí, kò sí funfun tuntun nínú rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tà wọ́n, ẹ kọ́kọ́ fi wọ́n ránṣẹ́ kí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tọ́jú wọn, ike líle ti tó.

Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ máa ṣe pẹ̀lú Ruth yẹn?

ÌyáTèmi (Baltimore)

Tèmi ti fi bírò kọ ÀTÚNTẸ̀ gbọọrọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, lórí ibi tí wọ́n ha gan-an. A lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri rẹ̀. Kò ní tan ẹlòmíì jẹ mọ́.

A ò ní ta àwọn kékeré náà. Ó ní kí n béèrè lọ́wọ́ yín, Bàbá: ta ni Schulte?

BàbáOlùkójọ (Chicago)

Frank Schulte, wọ́n ń pè é ní Wildfire. Ọmọ ẹgbẹ́ Cubs tiwa níbí ni, ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gba ife World Series, ìdíje àṣekágbá líìgì ńlá, lọ́dún 1907 àti 1908. Ní 1911, home run (bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá kọjá pápá) mọ́kànlélógún ló gbá, kò sí ẹni tó gbá tó o ní National League, ọ̀kan nínú líìgì ńlá méjèèjì, lọ́dún yẹn, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ Chalmers. Ẹ sọ fún Tèmi pé lẹ́yìn tí Schulte àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ife 1908 yẹn, 2016 la tó tún gbà á. Mo wà lójú pópó lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀wù òtútù mi ni mo fi ń nu ojú.